Àtúnṣe: «W. Richards» kì í ṣe Westley Richards

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri láàárín àwọn tó ń ra ìbọn àtijọ́ ní Amẹ́ríkà: pé ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n bá kọ «W. Richards» sí lára, iṣẹ́ Westley Richards, ilé iṣẹ́ ìbọn olókìkí ti Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni, owó gọbọi sì ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Liège ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti rọ ọ̀pọ̀ wọn, tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú láyé ìgbà náà. Orúkọ jọra, agbẹ̀dẹ ò jọra. Ẹ tú ọ̀pá ìbọn náà, ẹ wo abẹ́ rẹ̀: bí ẹ bá rí lẹ́tà ELG nínú àmì tó rí bí ẹyin, àmì àyẹ̀wò Liège nìyẹn.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni àfikún wọn pé bó bá ti ń dán, ẹ lè yìn ín. Ẹ jọ̀ọ́! Ìpẹtà inú kì í hàn níta. Ẹ̀tù dúdú àtijọ́ ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ ọ̀pá Damascus (ọ̀pá tí wọ́n fi irin lílọ́ pọ̀ rọ) fún, kì í ṣe ẹ̀tù òde òní. Ilé ọta (ihò ìdí ọ̀pá tí ọta ń wọ̀) ìbọn àtijọ́ mìíràn sì jẹ́ ínṣì 2½ ní gígùn. Ọta ínṣì 2¾ òde òní á wọlé wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ní rí àyè ṣí dáadáa bí ẹ bá yìn ín, agbára tó ń ti inú ọ̀pá á sì ga sódì. Kí agbẹ̀dẹ ìbọn kọ́kọ́ wọn bí ọ̀pá náà ṣe nípọn tó.