Ẹni Tó Ṣu Ló Ń Gbàgbé

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹni tó bá bá ìgbẹ́ lójúde rẹ̀ láàárọ̀ rí kò ní bi wá ní ìtumọ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni ọ̀rọ̀ táwọn ará orí òkè n'Íbàdàn máa ń sọ bí omi bá ti wọlé àwọn ará Odò Ọ̀nà: “Ta ló ní kí wọ́n kọ́lé sétí odò?” Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti páńpẹ́ẹ̀sì táwọn ará orí òkè kan náà dà sójú àgbàrá nígbà tí òjò ṣú ló ń há sábẹ́ afárá.

Ohun tí wọ́n sọ sáwọn aláwọ̀ dúdú ìlú New Orleans ní Amẹ́ríkà náà nìyẹn, lẹ́yìn ìjì Katrina, 29 August 2005. (August yìí náà sá! Ọjọ́ 31 rẹ̀ ni odò Ògùnpa ya n'Íbàdàn ní 1980, ọjọ́ 26 ni omíyalé 2011.) Ògiri tí ìjọba mọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ipa omi ló wó lu Lower Ninth Ward, àdúgbò àwọn dúdú níbẹ̀, ìjọba sì gbàgbé.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe pín owó àtúnkọ́ tí wọ́n pè ní Road Home. Wọ́n á wo iye tí ilé tó lọ́jà kí ìjì tó dé, wọ́n á wo iye tí àtúnkọ́ rẹ̀ máa ná onílé. Èyí tó bá kéré ni wọ́n mú, wọ́n á yọ owó adójútòfò kúrò, kò sì gbọdọ̀ ju 150,000 dọ́là lọ. Ká ní ilé méjì ni, tí àtúnkọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 140,000. Èyí tó wà ládùúgbò òyìnbó tó 180,000 lọ́jà: olúwarẹ̀ gba 140,000 rẹ̀ pé. Ìkejì wà láàárín àwọn dúdú, ọjà ò fún un ju 70,000 lọ. 70,000 ló gbà. Ṣé wọ́n ń ta ìṣó ní ìdajì owó fún aláwọ̀ dúdú ni? Àwọn onílé pẹjọ́ ní 2008. Ní 2011 ni wọ́n yanjú rẹ̀ pẹ̀lú 62 mílíọ̀nù dọ́là.

Ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀ kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Òwe tó bá a mu jù nìyí, torí àwa náà ń ta ara wa.

Ẹ wo ilé ẹbí. Lọ́hùn-ún, orúkọ baba àgbà tó ti kú ló ṣì wà lórí ìwé ọ̀pọ̀ ilé àwọn dúdú, FEMA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ran ẹni tí àjálù bá lọ́wọ́, ò sì dá wọn lóhùn. Ó di 2021 kí wọ́n tó gbà kí èèyàn kọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé òun lòun ni ilé. Agbo-ilé mélòó ní Bẹẹrẹ ló sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ? Kí mọ́gàjí pe ẹbí jọ kí òjò tó dé. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ní ìpín, ẹ jẹ́ kí sọ̀fíọ̀ wọn ilẹ̀, ẹ lọ búra sí i ní kóòtù, kí ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí tó ń gbé ibi gíga. Bí omi bá wọlé, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fàlà síbi tó ga dé, ẹ na téèpù sí i, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹni tó fọ ògiri tán kó tó ya fọ́tò, kí ló fẹ́ fi han ta?

Ẹ sì jọ lọ ni. Àwọn kan da epo olóró sétí títì lóru ní North Carolina, ní Amẹ́ríkà náà, ní 1978. Nígbà tí ìjọba fẹ́ lọ rì iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sáàárín àwọn dúdú ní Warren County ní 1982, ojú títì ni wọ́n sùn sí níwájú ọkọ̀. Ọlọ́pàá kó ju 500 lọ. Wọ́n rì í síbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ ò jẹ́ kí ìjọba sinmi títí wọ́n fi fọ ilẹ̀ náà tán ní 2003.

Ẹ̀yin wá ń gba àpò ìrẹsì kan àti fọ́ọ̀mù ìbùsùn tín-ín-rín, ẹ tẹ̀ka sí ìwé tí ẹ ò kà. Ẹ má wá ké pe aráyé lọ́dún tó ń bọ̀ o.