Kì í ṣe olè nìkan ló ń bínú sí àgádágodo géèmù

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn pé àwọn tó ń jí géèmù kọ̀ǹpútà nìkan ló ń bínú sí àgádágodo tí ilé-iṣẹ́ ń fi sí i kí wọ́n má baà dà á kọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó fowó rà á gan-an ni wọ́n ń tì mọ́ta.

Ẹ wo géèmù Spore, tí ilé-iṣẹ́ EA gbé jáde ní 2008. Nítorí àgádágodo rẹ̀, kọ̀ǹpútà mẹ́ta péré ni ẹni tó rà á lè lò ó lórí rẹ̀. Àwọn èèyàn fún un ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo, máàkì tó kéré jù, lórí ọjà íntánẹ́ẹ̀tì Amazon lọ́pọ̀ yanturu, títí EA fi sọ mẹ́ta náà di márùn-ún. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀dà jíjí rẹ̀ ti gba íntánẹ́ẹ̀tì kan kó tó dé ọjà Amẹ́ríkà, kò sì ní àgádágodo kankan!

Ti Ubisoft, ilé-iṣẹ́ géèmù mìíràn, ló dùn mí jù. Ní 2010, ẹni tó bá ń gbá géèmù wọn, Assassin's Creed II, lórí kọ̀ǹpútà, bó tilẹ̀ dá nìkan ń gbá a, gbọ́dọ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ìgbà. Ní oṣù kẹta ọdún náà, àwọn kan kọlu sáfà ilé-iṣẹ́ náà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí géèmù náà ń bá sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ oníbàárà tó ti sanwó kò sì rí géèmù wọn gbá.