Omi gbé Afárá lọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń pín àwòrán yẹn kiri lórí WhatsApp, ẹ jọ̀ọ́, ó ti tó. Wọ́n gbé ojú ọ̀jọ̀gbọ́n Kúnlé Olúkòtún síbẹ̀, wọ́n wá kọ ọ́ pé, "Ọmọ Yorùbá ló ṣe kọ̀ǹpútà." Irọ́ ni! Òótọ́ tó wà níbẹ̀ sì dùn ju irọ́ yẹn lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo mú màmá mi lọ ra fóònù n'Íkẹjà. Ọmọkùnrin tó ń tajà ní, "Màmá, octa-core ni o, kì í hang rárá." Mo ní kí ló ń jẹ́ octa-core? Ó ní, "Ó máa ń yá ni." (Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ọpọlọ mẹ́jọ ló wà nínú fóònù náà.) Mo ní ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Kúnlé Olúkòtún wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é jàre." Ni oníbàárà kan bá fa fóònù yọ, ó gbé àwòrán játijàti yẹn jáde láti gbè mí lẹ́yìn. Mi ò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ló bí mi nínú jù.

Màmá ní kí n ṣàlàyé. Mo ní, "Ìrẹsì òde tí ẹ máa ń sè, tí ẹ bá ń kó igi sábẹ́ ìkòkò ńlá kan ṣoṣo kó lè tètè jiná ńkọ́?"

"Á jóná ni."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọpọlọ kọ̀ǹpútà gan-an nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń mú un sáré sí i ni ooru ń pọ̀ sí i. Yunifásítì Stanford, l'Amẹ́ríkà, ni Olúkòtún ti ń kọ́ni láti 1991. Ní 1996, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ síwèé pé ká dá ààrò púpọ̀, ìyẹn ọpọlọ púpọ̀, kí gbogbo wọn wà lórí chip kan ṣoṣo, ègé pẹlẹbẹ kékeré tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà máa ń wà. Hydra, chip tí wọ́n ṣe níbẹ̀, ní ọpọlọ mẹ́rin.

Màmá ní, "Ta ló máa wá pín ìrẹsì náà?" Ẹ gbọ́ mi o, ìbéèrè tí kò jẹ́ kí àwọn onímọ̀ sùn nìyẹn: ta ló máa pín iṣẹ́ fún gbogbo ọpọlọ yẹn?

(Iléeṣẹ́ IBM ló kọ́kọ́ gbé chip ọlọ́pọlọ méjì dé ọjà ní 2001. Mo mọ̀. Ẹ má bá mi jà.)

Ibi tó dùn mí jù rèé. Ní 2000, ọkùnrin yìí dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní California, ó sì sọ ọ́ ní Afara. Afárá o! Láàárín àwọn òyìnbó. Iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà Sun Microsystems rà á ní 2002, nígbà tó sì di 2005, chip tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ jáde, ó ní ọpọlọ 8 tó ń ṣe iṣẹ́ 32 lẹ́ẹ̀kan náà. Niagara ni wọ́n wá ń pè é, orúkọ omi ńlá tó ń já láti òkè l'Amẹ́ríkà. Omi gbé afárá lọ. Ní 2023 wọ́n fún Olúkòtún ní ẹ̀bùn Eckert-Mauchly, ẹ̀bùn tó ga jù nídìí iṣẹ́ títo inú kọ̀ǹpútà, àwòrán irọ́ lẹ̀yin sì ń pín.

Nínú ọkọ̀, màmá ní, "Ọmọ ìlú wo ni?"

Mo ní Ìlú Ọba ni wọ́n bí i sí, Amẹ́ríkà ló ti gboyè.

"Ẹn-ẹn. Ọmọ wọn nìyẹn."

Mo ní, "Màmá, Afárá ló sọ iléeṣẹ́ rẹ̀!"

"Afárá odò àbí afárá oyin?"

Mo ní ti odò ni. Àmọ́ àtìgbà yẹn, ti oyin ni mò ń rò: ilé kéékèèké tó so mọ́ra, tí iṣẹ́ ń lọ nínú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.