Lọ́jọ́ Tí Ilé-iṣẹ́ Bá Kógbá Sílé, Ta Ni Yóò Tọ́jú Ẹ̀rọ Tó Wà Lára Èèyàn?

Inú ń bí mi láti àná. Wọ́n tún ti ń pín fídíò ọmọkùnrin tí Neuralink, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe ẹ̀rọ inú ọpọlọ, fi ẹ̀rọ sí lọ́pọlọ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 kiri, èyí tó ń fi èrò ọkàn nìkan ṣeré chess lórí kọ̀ǹpútà. Gbogbo ẹni tó ń pín in ló ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọjọ́ iwájú ti dé. Mo bá ọmọ náà yọ̀ látọkàn wá. Ẹni tí ara rẹ̀ ti rọ láti èjìká dé ẹsẹ̀, tó wá rí nǹkan dá ṣe láìsí pé ẹnì kan ń bá a ṣe é, ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn sí i? Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi wọ́n: bí ilé-iṣẹ́ yìí bá kógbá sílé lọ́jọ́ kan, ta ni yóò máa tọ́jú ohun tó wà lórí ọmọ yẹn? Wọ́n ní mo kórìíra ìlọsíwájú. Ẹnì kan tiẹ̀ ní irú mi ló ń fa aráyé sẹ́yìn.

N kò kórìíra nǹkan kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹlẹ́ran ara bíi tiwa ló jẹ́ kí n béèrè.

Ilé-iṣẹ́ kan wà ní California nígbà kan tó ń jẹ́ Second Sight. Ojú ni wọ́n ń ṣe fún àwọn tí retinitis pigmentosa, àrùn kan tó ń ba ẹ̀yìn ojú jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ti fọ́ lójú, Argus II ni wọ́n sì pe ẹ̀rọ náà. Kámẹ́rà kékeré kan wà lára awò ojú tí ẹni náà ń wọ̀, òun ló ń ya ohun tó bá wà níwájú rẹ̀. Àpótí kan tí wọ́n ń so mọ́ ìbàdí á wá ṣe àwòrán náà lámì, awò ojú náà á sì fi àmì ọ̀hún ránṣẹ́ láìsí wáyà sí ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ gbìn sínú ojú. Ojú ibi 60 péré ni iná mànàmáná tíntín ti ń jáde lára ẹ̀rọ ọ̀hún, nítorí náà kì í ṣe irú ojú tí èmi àti ẹ̀yin fi ń ka èyí ni wọ́n rí gbà. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń rí, àti òjìji, àti etí nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti wà nínú òkùnkùn láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, tó wá lè mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà láìfọwọ́ tá a, ẹ má sọ fún un pé ohun kékeré nìyẹn. Ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí i ní 2011, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2013. Owó rẹ̀ tó nǹkan bí 150,000 dọ́là. Àwọn tó gbà á sójú káàkiri ayé lé ní 350.

Ní 2019, ilé-iṣẹ́ náà pa á tì. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbájú mọ́ òmíràn tí wọn yóò máa fi sínú ọpọlọ dípò ojú. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 2020, owó tán, wọ́n sì lé èyí tó pọ̀ jù nínú òṣìṣẹ́ wọn lọ. Ojú tí wọ́n ti gbìn sí àwọn èèyàn lórí ńkọ́? Ó wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tí dókítà fẹ́ fi MRI, ẹ̀rọ alágbára òòfà tó ń ya àwòrán inú ara, wo orí rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ojú rẹ̀ kò ní fa wàhálà, kò sì rí ìdáhùn tó lè gbọ́kàn lé gbà. Ìtàn obìnrin kan ló tiẹ̀ dùn mí jù. Kí ilé-iṣẹ́ náà tó pa ẹ̀rọ tì rárá ni tirẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ní 2013. Ó wà ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní New York, èrò ń lọ, èrò ń bọ̀, ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ló bá gbọ́ tí nǹkan dún pí-pí-pí. Gbogbo ohun tó ń rí sì kú lójú ẹsẹ̀. Wọ́n gbìyànjú àtitún un ṣe, kò ṣeé ṣe. Ẹ̀rọ tó ti kú náà ṣì wà lójú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ fi ara yín sórí àtẹ̀gùn yẹn kí ẹ tó tún pín fídíò míì.

Àwọn tó ń bá mi jà ní ọjà ni ọjà, kò sí ilé-iṣẹ́ tí kò lè wó. Mo gbà. Fóònù tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bá wó, a ó jù ú sí kọ̀rọ̀ ra òmíràn. Èyí tó wà nínú orí, kọ̀rọ̀ wo la fẹ́ jù ú sí? Kì í sì í ṣe Second Sight nìkan. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi ẹ̀rọ sábẹ́ awọ ojú àwọn tí ẹ̀fọ́rí burúkú ń dà láàmú wó ní 2019. Ọkùnrin kan ní Jámánì tó ní ẹ̀rọ náà, ohun tó gbà á ni pé ẹnjiníà iná mànàmáná ni òun fúnra rẹ̀, òun ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún tirẹ̀ ṣe. Ẹni tí kì í ṣe ẹnjiníà ńkọ́? Ní Ọsirélíà, wọ́n fi ẹ̀rọ sí orí obìnrin kan tó ní wárápá, ẹ̀rọ náà sì máa ń kì í nílọ̀ kí gìrì tó dé. Ayé rẹ̀ yí padà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà gbowó tì, wọ́n ní kó jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Òun àti ọkọ rẹ̀ tiẹ̀ fẹ́ fi ilé wọn yáwó kí wọ́n lè ra ohun tó wà lórí rẹ̀. Wọn kò rí i rà. Wọ́n yọ ọ́ ni.

Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ pé a ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Ọjọ́ gbogbo ni wọ́n ń jiyàn bóyá rọ́bọ́ọ̀tì yóò jọba lé wa lórí. Orílẹ̀-èdè Chile ṣe dáadáa, wọ́n tún òfin ìpìlẹ̀ wọn ṣe ní 2021 láti dáàbò bo ọpọlọ ọmọ ènìyàn àti ohun tí ẹ̀rọ bá kó jáde nínú rẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá wó ńkọ́? Ohun tí mo fẹ́ kò le: kí wọ́n tó fi abẹ kan ẹni àkọ́kọ́, kí owó ìtọ́jú ti wà nípamọ́ níbi tí àwọn tí wọ́n jẹ ní gbèsè kò ti ní lè fọwọ́ kàn án. Kí àwòrán ẹ̀rọ náà àti sọ́fítíwíà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn tó lè gbé e jáde fún ẹnjiníà míì lọ́jọ́ náà. Kí ẹni tó ni orí sì jẹ́ ẹni tó ni ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ kò bá lè ṣe èyí, kó má fọwọ́ kan orí ẹnikẹ́ni.

Èyí ni mo kọ sí wọn lánàá. Ìgbà tó di òru, ẹnì kan kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Ó ní ojú ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ti ń lọ díẹ̀díẹ̀, àti pé bí àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀rọ báyìí bá pè é, ṣé kó má lọ ni? Mo kọ èsì, mo pa á rẹ́, mo tún òmíràn kọ. Nítorí mo rántí ọkùnrin kan nínú àwọn tó gba Argus II, tí àpótí ìbàdí rẹ̀ bàjẹ́ ní 2020, lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ ti pa á tì. Ńṣe ló wá òmíràn kiri títí tó fi rí i, nítorí kò fẹ́ padà sínú òkùnkùn. Ìyẹn kò dà bí ẹni tó kábàámọ̀ pé òun gbà á.

Bí òfin tí mò ń béèrè yìí bá sì mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké bẹ̀rù àtibẹ̀rẹ̀, orí irú ẹ̀gbọ́n ẹni yìí ni yóò dà lé. Mo ṣì fẹ́ òfin náà. Èsì tí màá fún àbúrò rẹ̀ ni n kò tíì rí. Ẹ̀yin tí ẹ̀rọ wà lára yín, tàbí lára ẹni yín, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ó sọ fún un?