Ẹ Bá Wa Kí Àwọn Ìjòyè Ìgò Òfìfo ní Àbújá

Nígbà kan, ẹni tó bá fẹ́ kí ará Àbújá mọ̀ pé owó ti dé yóò kọ́lé sí Maitama, yóò ra jíìpù dúdú, ọ̀rọ̀ parí. Àmọ́ ilé àti jíìpù ti wọ́pọ̀ jù, ni àwọn èèyàn wa tí ọwọ́ wọn ti tó ẹnu níbẹ̀ bá kúkú kó sí ìdí ìgò àtijọ́. Ẹ má rò pé ìgò tó ní ọtí nínú ni mò ń wí o; àwọn tó mu ọtí ọ̀hún ti kú tipẹ́. Ìgò gbígbẹ, tí ẹnu òmíràn tilẹ̀ ti bù, ni wọ́n ń tò sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, tí wọ́n tan iná sí lábẹ́, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń jó dísù nítorí rẹ̀ bí iná ìjọba bá ti lọ.

Bí ẹ bá lọ kí ọ̀kan nínú wọn, ẹ má retí omi tútù kíákíá, nítorí ẹ̀kọ́ ló ṣáájú. Ọ̀gá yóò wọ ìbọ̀wọ́ funfun bí agbẹ̀bí, yóò dorí ìgò kodò, yóò sì fi àpá kan hàn yín ní ìdí rẹ̀, níbi tí àwọn tó ń fi ẹnu fẹ́ gíláàsì láyé àtijọ́ ti fi ọ̀pá irin dì í mú títí wọ́n fi ṣe ẹnu rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ìka tọ ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: bí ìlà náà bá dúró ní ọrùn, ọwọ́ ni wọ́n fi parí ẹnu ìgò, bí ó bá gun orí ẹnu já, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni, irú èyí tí Michael Owens ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1903. Láàárín wọn, kò sí èébú tó ju kí a ní, “Ìgò ẹ̀rọ ló pọ̀ nílé lágbájá.”

Olórí oyè nínú kọ́bọ́ọ̀dù ni ìgò ẹlẹ́rìndòdò tí Hiram Codd, ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ní 1872, tí bọ́ọ̀lù gíláàsì kékeré ń dí ọrùn rẹ̀. Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́ a máa fọ́ ọ láti fi bọ́ọ̀lù náà ṣeré. Kí ọmọ ilé yìí ṣáà fọwọ́ kàn án wò.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ìgò sìnáàpù onígun mẹ́rin, tí àwọn ará Holland ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó lè tò mọ́ra nínú àpótí. Irú rẹ̀ gan-an ni ìyá ọ̀gá fi ń ra kẹrosíìnì ní Ọ̀fà, tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ kó dà sí ààtàn nígbà tó ń tún ilé ṣe, kó tó wá fi owó ilé-ìwé ọmọ ra òmíràn lọ́wọ́ ẹni tó rà á ní pọ́ọ́kú lọ́wọ́ baban bola tó ń ṣa nǹkan lórí ààtàn. Ní Bida tí kò jìnnà sí wa, àwọn Masaga, ìyẹn àwọn oníṣẹ́ gíláàsì ibẹ̀, ti ń yọ́ ìgò di ẹ̀gbà ọwọ́ àti ìlẹ̀kẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, wọn kì í sì í béèrè ọjọ́ orí ìgò kí wọ́n tó jù ú síná.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó ọ̀gá pe ìyá ẹlẹ́pà wọlé. Ìyá náà wo kọ́bọ́ọ̀dù títí, ó kí wọn kú ìnáwó, ó wá béèrè èyí tó ní ọmọrí nínú gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní kò sí. Ó ní kí wọ́n má bínú, òun kò lè rà á, ẹ̀pà á rọ̀ nínú rẹ̀.