Ọmọ Tó Ní Ìyá Òun Kò Ní Sùn: Eyín Híhu àti Jíjí Lóru

Ọmọ tó ní ìyá òun kò ní sùn, òun náà kò ní fojú ba oorun. Ẹni tó ń dá wàhálà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn la sábà máa ń fi òwe yìí kìlọ̀ fún, ohùn ìhàlẹ̀ la sì fi ń pa á. Tó bá kan ọmọ ọwọ́ tó ń hu eyín, apá kejì òwe náà ló yẹ kí òbí dì mú. Ọmọ náà kò rí oorun sùn. Kò gbèrò láti fìyà jẹ ẹnikẹ́ni: erìgì ń ro ó, oorun ń kùn ún, kò sì tíì mọ bí a ṣe ń tu ara ẹni nínú. Nítorí náà, kì í ṣe bí ẹkún yóò ṣe tètè dákẹ́ ni iṣẹ́ òru, bí ìyá àti ọmọ yóò ṣe padà sùn ni. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Iná títàn, fóònù àti eré lè pa ẹkún láàárín ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n sì lé oorun lọ fún wákàtí kan gbáko.

Eyín 20 ni ọmọdé ń hu, mẹ́wàá lókè, mẹ́wàá nísàlẹ̀. Méjì iwájú ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń ṣáájú, ní nǹkan bí oṣù 6. Àwọn ọmọ kan ń bẹ̀rẹ̀ láti oṣù 4, àwọn mìíràn á sì pé ọdún kan kí ẹyọ kan tó yọ. Eyín ńlá àkọ́kọ́ tí a fi ń lọ oúnjẹ máa ń dé láàárín oṣù 13 sí 19, ti ẹ̀yìn pátápátá láàárín oṣù 23 sí 33. Kí eyín tó yọ, erìgì ojú ibẹ̀ lè pọ́n, kó sì wú. Nígbà mìíràn, ẹ óò rí wíwú kan tó dúdú díẹ̀ tàbí tó jọ àwọ̀ aró, bíi pé omi wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe gún un, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ bẹ́. Eyín fúnra rẹ̀ yóò la á kọjá.

Ìrora eyín kọ̀ọ̀kan kì í pẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó yọ, ọjọ́ bíi mẹ́ta lẹ́yìn tó bá yọ, ó parí. Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa, torí ó túmọ̀ sí pé ọmọ tó ti ń jí ní ìgbà mẹ́rin lóru láti oṣù kan sẹ́yìn, kì í ṣe eyín ló ń jí i. Ebi, àṣà kí a máa gbé e jó kó tó sùn, tàbí ẹ̀rù pé ìyá ti lọ, èyí tó sábà máa ń mú ọmọ ní nǹkan bí oṣù 8 tàbí 9, ló yẹ kí ẹ wò.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Eyín ni làpálàpá inú ọ̀rọ̀ yìí, àìsàn gidi tí a lè pè ní eyín ni ẹ̀tẹ̀. Eyín máa ń mú kí itọ́ máa ṣàn, kí ọmọ máa ki ìka bọ ẹnu, kó máa fi erìgì rún ohunkóhun tó bá bà, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ pọ́n, kí oúnjẹ má wù ú fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ara lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ṣùgbọ́n eyín kì í gbé ooru ara dé 38°C. Kì í fa ìgbẹ́ gbuuru, kì í fa èébì, kì í fa ikọ́. Ìdí tí wọ́n fi ń dá eyín lẹ́bi kò ṣòro láti rí: ní nǹkan bí oṣù 6 kan náà, agbára tí ọmọ gbà láti ara ìyá rẹ̀ láti fi gbógun ti àrùn ti ń tán lọ, bẹ́ẹ̀ ló ti ń kó gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ sẹ́nu. Kòkòrò àrùn wọlé lásìkò tí eyín ń jáde, eyín sì gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ilé á máa sọ pé “eyín ni,” nígbà tí omi ń gbẹ lára ọmọ.

Ẹ má ṣe fi ẹ̀yìn ọwọ́ mọ ibà. Ẹ fi tẹmọ́mítà sí abíyá. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 3 tí ara rẹ̀ dé 38°C gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀gànjọ́. Ọmọ tó ń fa etí tí ara rẹ̀ sì gbóná, tí ẹkún rẹ̀ ń le sí i bí ẹ bá ti tẹ́ ẹ sílẹ̀, etí ni kí dókítà wò. Èyí tí ìlédìí rẹ̀ kò tutù fún wákàtí 8, tó kọ ọmú, tàbí tó ṣòroó jí, ẹ má ṣe dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, tó jẹ́ eyín lóòótọ́, alẹ́ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi omi tútù rẹ aṣọ kékeré tó mọ́, ẹ fún omi kúrò lára rẹ̀, ẹ gbé e sínú fíríìjì fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má ṣe gbé e sí fírísà, nítorí yìnyín máa ń bó erìgì. Ẹ jẹ́ kí ọmọ rún aṣọ náà lójú yín kó tó di àkókò oorun. Òrùka rọ́bà tí kò ní omi nínú dára pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi okùn so ó mọ́ ọn lọ́rùn. Lẹ́yìn náà, ẹ nu itọ́ kúrò ní àgbọ̀n àti ọrùn láì fi aṣọ ha á, ẹ fi fasilíìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa ibẹ̀, kí itọ́ òru má baà bó awọ ara. Ẹ tú aṣọ ìgbatọ́, ẹ mú òrùka kúrò, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀ lórí ibùsùn tó le, tí kò ní ìrọ̀rí tàbí ohun ìṣeré.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Gbogbo ọmọ ló ń jí lóru, torí pé oorun wọn ń lọ ní ìpele-ìpele, nǹkan bíi wákàtí kan fún ìpele kọ̀ọ̀kan. Ní ìparí ìpele, wọ́n á yí ara, wọ́n á kùn díẹ̀, wọ́n á tún wọra. Èyí tí erìgì ń ro ni kì í lè wọra padà, pàápàá nígbà tí kò sí eré ọ̀sán tí yóò gba ọkàn rẹ̀ kúrò lára ìrora. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni òbí fúnra rẹ̀ ń jí ọmọ tó ń sunkún lójú oorun.

Bí ẹkún bá tẹ̀síwájú, ẹ wọlé láì tan iná ńlá. Ẹ gbé ọwọ́ lé e láyà, ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ẹ má tíì gbé e. Bí kò bá tó, ẹ ti fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ẹ ti gé èékánná, kí ẹ fi orí ìka tẹ erìgì níbi tó wú. Títẹ̀ ni, kì í ṣe fífi ìka ra á lọ sókè sódò: ẹ tẹ̀ ẹ́ le díẹ̀, ẹ fi ìka sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ sún un díẹ̀díẹ̀, fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yẹn ló ń bá ìrora jà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ fún un lọ́mú, bó bá jẹ́ àsìkò ọmú rẹ̀. Bó bá mú un, tó fi í sílẹ̀, tó sì kígbe, kì í ṣe pé ó kọ ìyá rẹ̀. Fífà ọmú máa ń dá ẹ̀jẹ̀ lọ sí erìgì tó ti wú, ó sì ń fi kún ìrora. Ẹ tún erìgì tẹ̀, kí ẹ tó fún un padà. Ìlédìí tó tutù díẹ̀ lè dúró di òwúrọ̀. Èyí tó ní ìgbẹ́ kò lè dúró. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé wọ́n ń ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kì í sì í mọ èyí tó ran ọmọ lọ́wọ́.

Bí ẹkún bá mú inú yín ru, ẹ tẹ́ ọmọ sórí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ibùsùn rẹ̀, ẹ jáde fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, kí ẹ jí ẹlòmíràn tó bá wà nílé. Ẹkún kò ní pa á láàárín àkókò yẹn. Gbígbọn ọmọ jìgìjìgì ló lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ya sínú ọpọlọ rẹ̀.

Oògùn ńkọ́? Fún òru tí ọwọ́ àti aṣọ tútù kò bá ká a, paracetamol ti tó. Ìwọ̀n ara la fi ń díwọ̀n rẹ̀: mílígíráàmù 10 sí 15 fún kìlógíráàmù kan, kó má ju ìgbà 4 lọ láàárín wákàtí 24, kí wákàtí 4 ó kéré tán sì wà láàárín méjì. Ọmọ tó wọn kìlógíráàmù 8 kò gbọ́dọ̀ gbà ju mílígíráàmù 120 lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá kọ 120 mg nínú 5 ml sára ìgò, mílílítà 5 nìyẹn. Àmọ́ oògùn kíkán tí wọ́n kọ 100 mg nínú 1 ml sí lára le ju bẹ́ẹ̀ lọ: mílílítà 5 rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 500, ó ju ìlọ́po mẹ́rin ohun tó yẹ ọmọ yìí lọ. Ẹ ka ara ìgò ní gbogbo ìgbà, ẹ fi síríńjì wọ̀n ọ́n, ẹ má ṣe fi ṣíbí ìdáná. Oògùn òtútù mìíràn lè ní paracetamol nínú. Ẹ má ṣe pa méjèèjì pọ̀. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 3 kò gbọ́dọ̀ gbà á láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Aspirin kò sí nínú oògùn ọmọdé rárá.

Jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fi pa erìgì, ẹ fi sílẹ̀. Itọ́ á ti fọ̀ ọ́ lọ kí ìṣẹ́jú mélòó kan tó pé, ohun tó bá sì kù lè mú ọ̀nà ọ̀fun kú tipiri, kí ọmọ má lè gbé nǹkan mì dáadáa. Ní ọdún 2018, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé kí a má ṣe lo èyí tó ní benzocaine, oògùn tó ń mú ojú ibi tí a bá fi pa kú, fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, nítorí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ má lè gbé afẹ́fẹ́ tí ara nílò mọ́. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n kìlọ̀ nípa ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn tí wọ́n ń tà fún eyín: ó lè fún ọmọ lọ́rùn, hóró rẹ̀ sì lè há a lọ́fun. Oògùn olómi tí ẹ kò mọ ibi tó ti wá tún burú jù. Ní Nàìjíríà láàárín 2008 sí 2009, ó lé ní 80 ọmọ tó kú lẹ́yìn tí wọ́n mu oògùn eyín híhu tí kẹ́míkà diethylene glycol wà nínú rẹ̀. Kíndìnrín ni ó ń bàjẹ́. Ọtí kò gbọ́dọ̀ kan erìgì ọmọ, oyin kò sì gbọ́dọ̀ kan ẹnu rẹ̀ títí yóò fi pé ọdún kan.

Bí ọmọ bá gé ìyá jẹ lẹ́nu ọmú, ẹ má ṣe fà á yọ. Ẹ fi ìka kékeré ti igun ẹnu rẹ̀ bọ àárín erìgì, yóò tú u sílẹ̀. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kó sùn pẹ̀lú ìgò wàrà lẹ́nu, nítorí wàrà tó bá sùn sí ara eyín ní òru ló ń jẹ ẹ́. Láti ọjọ́ tí eyín àkọ́kọ́ bá ti yọ, ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́, pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride, kó má ju hóró ìrẹsì kan lọ. Kí ó tó pé ọdún kan, ẹ gbé e lọ kí dókítà eyín wò ó.