Ẹ Dá Thermostat Yín Padà Sáyè Rẹ̀

Kò sí ọgbà mẹ́káníìkì tí ẹ lè wọ̀ nílẹ̀ Yorùbá tí ẹ ò ní gbọ́ ọ: "Ẹ jẹ́ ká yọ thermostat yẹn dànù. Òtútù ló jẹ́ kí àwọn òyìnbó fi síbẹ̀. Ilẹ̀ tiwa ti gbóná tó." Àwọn ọ̀gá ń sọ ọ́, àwọn ọmọṣẹ́ ń gbà á lẹ́nu wọn, àwa tí a ni ọkọ̀ sì ń tún un sọ fún ara wa bí ẹni pé inú ìwé la ti kà á. Irọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tó yẹ kó ṣì máa ṣiṣẹ́ dòní ló ti bá a lọ. Èyí tó sì ń dùn mí jù ni ti ọkọ̀ asáré, irú èyí tí ẹnìkan ń fi owó àti sùúrù tọ́jú fúnra rẹ̀ nínú ọgbà ilé rẹ̀, Sátidé dé Sátidé.

Thermostat kì í ṣe nǹkan ńlá. Fáàfù kékeré kan ni, tó jókòó sójú ọ̀nà omi láàárín ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀. Agolo idẹ kékeré kan wà láàárín rẹ̀ tí wọ́n rọ ìda sí. Bí omi bá tutù, ìda yẹn á le gbagidi, súpíríǹgì á sì ti fáàfù pa. Bí omi bá gbóná dé ìwọ̀n tí wọ́n ṣe é fún, ìda á yọ́, á wú, á ti ọ̀pá tín-ín-rín kan, fáàfù á sì ṣí díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ò nílò wáyà kankan. Láti àwọn ọdún 1930 ni oníìda yìí ti wà. Ìwọ̀n tó ń ṣí sì sábà máa ń wà lára irin rẹ̀: 82, 88, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nọ́ńbà yẹn gan-an ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Lọ́sàn-án gangan ní Èkó, afẹ́fẹ́ máa ń wà ní nǹkan bí 33°C. Omi ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ dé 82°C kí fáàfù tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ibi tí ẹ́ńjìnnì sì fẹ́ máa gbé sún mọ́ 90°C. Oòrùn wa ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn fún un. Ní Dubai, níbi tí afẹ́fẹ́ ti máa ń kọjá 45°C nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, thermostat wà nínú ọkọ̀ tuntun elépo tí wọ́n ń tà fún wọn. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ òtútù nìkan ni, kí ló wá débẹ̀ ṣe?

Ká sọ tòótọ́, ó ní ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti rí ẹsẹ̀ dúró. Thermostat tó bá ti gbó lè há ní pípadé. Nígbà náà, omi gbígbóná ò ní rọ́nà dé rédíétọ̀, ọkọ̀ á sì gbóná kíákíá. Mẹ́káníìkì á yọ ọ́, ọkọ̀ á rọlẹ̀ lọ́jọ́ náà, oníbàárà á dúpẹ́, gbogbo ènìyàn á sì gbà pé thermostat lọ̀tá. Kò sẹ́ni tó béèrè pé kí ló jẹ́ kó há. Lọ́pọ̀ ìgbà, omi kànga àti omi ẹ̀rọ tí a ń rọ sínú rédíétọ̀ ni: ó ń mú kí irin dípẹtà, ó ń dá ẹ̀tù pupa sílẹ̀, ẹ̀tù náà á lọ lẹ̀ mọ́ fáàfù. Tuntun ló yẹ kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ihò òfìfo ni wọ́n fi sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí òfìfo yẹn ń ṣe nínú ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ràn. Ẹ mú Toyota Celica GT-S ti 2000 sí 2005. Ẹ́ńjìnnì 2ZZ-GE ló wà nínú rẹ̀, èyí tí Toyota àti Yamaha jọ ṣe. Òun náà ló wà nínú Matrix XRS àti Pontiac Vibe GT, Lotus pàápàá fi í sínú Elise. Agbára ẹṣin 180 ló ń mú jáde láti inú lítà 1.8. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé kámù rẹ̀, ọ̀pá tó ń ṣí àwọn fáàfù ẹ́ńjìnnì, ní ojú méjì: ojú jẹ́jẹ́ fún ìrìn ojoojúmọ́, àti ojú gíga tó máa ń gba iṣẹ́ nígbà tí RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) bá ti kọjá 6,000. Ohùn ẹ́ńjìnnì á yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ á sì fò síwájú. Torí ìṣẹ́jú àáyá yẹn lọ̀pọ̀ ṣe rà á. Ṣùgbọ́n brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, kì í jẹ́ kí ojú gíga yẹn ṣiṣẹ́ bí omi ẹ́ńjìnnì ò bá tíì kọjá 60°C, torí wọn ò fẹ́ kí ọ́ìlì tó ṣì ki ru irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti yọ thermostat á máa dúró pẹ́ kó tó dé ibẹ̀, pàápàá lówùúrọ̀ tàbí lẹ́yìn òjò. Á wá máa sọ pé Celica òun ti rẹ̀.

Ti epo ńkọ́? Bí sensor tó ń wọn ooru omi bá ti ń sọ fún brain box pé omi ò tíì gbóná, brain box á gbà pé ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni. Á máa fi epo kún un láti ẹnu àwọn nósù. Plọ́ọ̀gì á dúdú, èéfín á máa rùn, owó á sì máa jó. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wa lè máa fi bẹntiróòlù ṣòfò báyìí. Lára epo tó pọ̀ jù yẹn kì í jó tán. Á gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì písítìnì sọ̀kalẹ̀ sínú ọ́ìlì, á sọ ọ́ di ṣíṣàn. Ọ́ìlì tí bẹntiróòlù ti dà pọ̀ mọ́ ò lè dáàbò bo bíárìn, pàápàá nínú ẹ́ńjìnnì tó ń fẹ́ yí lọ sí RPM 7,800. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ tí gíà rẹ̀ jẹ́ ọ́tò náà ò bọ́: ọ̀pọ̀ gíà ọ́tò Toyota kì í wọ ovadráìfù, gíà tó ga jù, títí omi á fi gbóná tó.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ sí, torí owó ńlá ló ń bá ibẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ṣí ìdérí ibi tí a ń rọ ọ́ìlì sí, tí ẹ rí nǹkan funfun tó ki bí ògì lábẹ́ rẹ̀, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín ni pé top gasket ti jó, ká tú orí ẹ́ńjìnnì. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n omi wà nínú gáàsì tí bẹntiróòlù ń dá sílẹ̀ tó bá jó. Díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń sọ̀kalẹ̀ sí ibi ọ́ìlì. Nínú ẹ́ńjìnnì tó gbóná dáadáa, á di ooru, á sì jáde lọ. Nínú ẹ́ńjìnnì tí kì í gbóná tán, á dúró síbẹ̀, á pò mọ́ ọ́ìlì, á di ògì yẹn. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yọ. Bí ọ́ìlì ibẹ̀ bá mọ́, tó jẹ́ abẹ́ ìdérí nìkan ni funfun yẹn wà, tí omi rédíétọ̀ ò dínkù, tí kò sì sí ìhó tó ń ru sókè nínú rédíétọ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan orí ẹ́ńjìnnì yín. Ẹ fi thermostat síbẹ̀, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, kí ẹ tún wo abẹ́ ìdérí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Èyí tó máa ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu jù ni pé yíyọ thermostat lè mú kí ọkọ̀ gbóná sí i. Àwọn kan ti ń sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ àlàyé tí wọ́n ń ṣe ò tọ̀nà. Wọ́n ní omi á máa sáré jù, rédíétọ̀ ò ní ráyè gba ooru lára rẹ̀. Omi tó ń yí po lójú kan ni: bó bá yára kúrò nínú rédíétọ̀, ó yára padà síbẹ̀ náà ni. Ìdí gidi ni ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ní ọ̀nà kan tí omi ń gbà yí po nínú wọn láìdé rédíétọ̀, kí gbogbo ara ẹ́ńjìnnì lè móoru dọ́gba. Thermostat irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ní àwo kékeré kan nídìí, lábẹ́ súpíríǹgì. Ẹ máa rí i lára ti ọ̀pọ̀ BMW àti Mercedes. Bí fáàfù òkè bá ṣe ń ṣí ọ̀nà rédíétọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwo ìsàlẹ̀ ń dí ọ̀nà ẹ̀bùrú. Bí ẹ bá yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, ọ̀nà ẹ̀bùrú á ṣí sílẹ̀ gbayawu, apá kan nínú omi gbígbóná á sì máa padà sínú ẹ́ńjìnnì láìfojú kan rédíétọ̀. Lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, atẹ́gùn pọ̀, ẹ ò ní mọ̀. Ẹ wá wọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọ̀jọ́ta pẹ̀lú AC, géèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Wọ́n á ní kí ẹ ra rédíétọ̀ tuntun. Ẹ rà á, ó ṣì ń gbóná.

Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni ọ̀rọ̀ yìí àti fáànù tí àwọn rewáyà máa ń so ní dárẹ́ẹ̀tì kó lè máa yí láti ìgbà tí ẹ bá ti ṣí kọ́kọ́rọ́. Fáànù ò gbọ́dọ̀ máa ṣe iṣẹ́ tí kò sí. Ẹ wá sensor rẹ̀ tàbí rélè rẹ̀ tó bàjẹ́. Bákan náà ni ti coolant, oògùn tí a ń pò mọ́ omi rédíétọ̀, tí wọ́n ní ó wà fún yìnyín. Ó ń dáàbò bo irin lọ́wọ́ ìpẹtà, ìdí yẹn nìkan sì tó fún bílọ́ọ̀kù alumíníọ̀mù bíi ti 2ZZ.

Kí ẹ tó ju thermostat kankan nù, kí ẹ sì tó fi èyí tí ẹ rà ní ọjà Ládípọ̀ sínú ọkọ̀, ẹ dán an wò nílé. Ẹ wá ìkòkò àtijọ́ tí ẹ ò ní fi se oúnjẹ mọ́, torí coolant ní májèlé, ó sì dùn lẹ́nu, èyí tó jẹ́ kó léwu fún ọmọdé àti ajá. Ẹ rọ omi sí i, ẹ gbé e kaná. Ẹ fi ìka tẹ fáàfù náà ṣí bó bá ṣeé ṣe, ẹ ki òwú kan sẹ́nu rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ kó pa dé mọ́ òwú náà. Ẹ wá fi òwú yẹn gbé e kọ́ sínú omi, kó má fara kan ìdí ìkòkò. Ẹ ki tẹmómítà ẹran tàbí ti ilé ìdáná sínú omi náà, kí ẹ máa wò ó. Omi á móoru, ìhó kékeré á máa dìde, kò ní sí nǹkan kan. Nígbà tí tẹmómítà bá wà lágbègbè 82, bí ó bá jẹ́ 82 ni wọ́n kọ sí i lára, fáàfù á tú òwú sílẹ̀, thermostat á já sínú omi pọ́ọ́kú. Ìgbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ẹ jẹ́ kó gbóná dé 95. Ti Toyota yẹ kó ti ṣí tó mìlímítà 10 nígbà náà. Ẹ fi ìmúga yọ ọ́, kó tutù, kó sì pa dé mọ́nranin. Èyí tí omi bá hó yaya tí kò mira, òkú ni. Èyí tó ṣí sílẹ̀ kó tó wọ omi, òkú lòun náà. Mo máa ń dán tuntun wò bíi tàtijọ́, nítorí ayédèrú pọ̀ lọ́jà.

Bí ẹ bá ń dá a padà, ẹ wo etí rẹ̀: ihò kékeré kan wà níbẹ̀ tí irin tín-ín-rín ń mì nínú rẹ̀. Òkè ni kó wà, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Ẹ lo rọ́bà tuntun. Coolant àti omi distilled ní ìdajì sí ìdajì ló dára. Ẹ yẹ ìdérí rédíétọ̀ náà wò. Bí wọ́n bá kọ 1.1 sí i, títẹ̀ tó ń mú dání ni, òun ni kì í jẹ́ kí omi hó títí á fi kọjá ìwọ̀n 120°C. Bí rọ́bà abẹ́ rẹ̀ bá ti gbẹ, omi á máa hó kété tó bá kọjá 100, thermostat lẹ á sì tún máa bú. Ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣí ìdérí yẹn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná.

Ẹ̀yin oní-Toyota MR2, ẹ fara balẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yín wà lẹ́yìn ìjókòó, rédíétọ̀ wà níwájú pátápátá, páìpù gígùn ló so wọ́n pọ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ máa ń há síbẹ̀. Ẹ ṣí àwọn ibi tí Toyota ní kí ẹ ti tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, ẹ yí híítà sí gbígbóná, ẹ máa rọ coolant díẹ̀díẹ̀ títí tí ìhó á fi tán. Lọ́jọ́ kejì, kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tún wo ìwọ̀n coolant náà. Ó sábà máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀.

Iná check engine tó ti ń tàn látọjọ́ yìí, tí scanner ń pè ní P0128, ohun tó ń sọ ni pé omi ò gbóná dé ibi tó yẹ. Bí thermostat tó dáa bá ti wà níbẹ̀, á kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìrìn mélòó kan. Bí kò bá kú, sensor ooru omi ni kí ẹ yẹ̀ wò tẹ̀ lé e. Kò wọ́n, sípánà kan sì tó láti tú u.